ÀJẸ́ KÉ LÁNÀÁ, ỌMỌ KÚ LÓNÌÍ: Ọwọ́ Ọ̀tá àti Ikú Ilé Nínú Jàǹbá Ọkọ̀ Ogun

ÌFÁÀRÀ

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?" Òwe ńlá ni òwe yìí. Ó ń tọ́ka sí ọ̀nà ìrònú kan tí ọmọ aráyé ti ń tọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀: bí ohun méjì bá ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, tí èkíní sì jẹ́ ohun ẹ̀rù, ọkàn ènìyàn a máa so wọ́n pọ̀, a sì máa gbà pé èkíní ni ó bí èkejì. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ rọ́ òwe náà sẹ́yìn pé irọ́ ni, nítorí pé nígbà púpọ̀, òtítọ́ ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òpìtàn yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Òpìtàn ní láti béèrè pé: ta ni ó gbọ́ igbe àjẹ́ náà? Ìgbà wo gan-an ni ó ké? Àìsàn wo ni ó sì ti wà lára ọmọ náà kí àjẹ́ tó ké?

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ba ohun ìjà ọ̀tá rẹ̀ jẹ́ ní láti yọ́ wọ ibùdó ọ̀tá náà lóru. Láyé òde òní, ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ogun ojú omi gbójú lé rédíò, rédà, sátẹ́láìtì àti kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nígbàkígbà tí ohun èlò ogun bá ṣe jàǹbá láìsí ìró ìbọn, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé: àbí ọ̀tá ti na ọwọ́ láti ọ̀nà jíjìn, tí ó sì da ẹ̀rọ náà rú láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i? Jàǹbá ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà méjì ní ọdún 2017, èyí tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn 17, ni àròkọ yìí yóò fi yẹ ìbéèrè náà wò. Ṣùgbọ́n kí á tó dé orí wọn, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, nítorí pé ìbéèrè náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé orí ọkọ̀ ogun.

OGUN TÍ A FI RÉDÍÒ JÀ

Ní ọdún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ń wá ju bọ́ǹbù sí àwọn ìlú Gẹ̀ẹ́sì lóru. Òkùnkùn kò dí wọn lọ́nà, nítorí pé àwọn ará Jámánì ti ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Knickebein, èyí tí ń ta ìgbì rédíò tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn tí a ta sójú ọ̀run. Níwọ̀n ìgbà tí atukọ̀ bá wà lójú ọ̀nà, ìró kan náà ni yóò máa gbọ́ ní etí rẹ̀; bí ó bá yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ìró náà yóò yí padà. Ibi tí okùn méjì bá ti pàdé, ibẹ̀ ni yóò ti ju bọ́ǹbù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, R. V. Jones, ẹni ọdún 28, ni ó ṣàlàyé ọ̀ràn yìí fún Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún náà. Àwọn àgbà onímọ̀ kan kò kọ́kọ́ gbà pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lè dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Jones kò fi ẹnu lásán sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti kó ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun jọ. Ó ti ka ìwé tí wọ́n rí nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ó já bọ́. Ó sì ti béèrè nípa ẹ̀rọ inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n tú u wò. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì kan gbéra lọ wá ìgbì náà lójú ọ̀run, ó bá a níbẹ̀ lóòótọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ìró náà rú mọ́ ọ̀tá wọn létí.

Wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n tún gbé àwọn ẹ̀rọ mìíràn kalẹ̀ tí ń gba ìró àwọn ilé rédíò tí ó ń tọ́ àwọn atukọ̀ Jámánì sọ́nà, tí ó sì ń tún un ta jáde láti orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sín ohùn ìyá jẹ láti fi pe ọmọ gba ọ̀nà tí kì í ṣe ti ilé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1941, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì kan tí irú ìró bẹ́ẹ̀ ti ṣì lọ́nà lọ balẹ̀ ní pápá Chivenor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ rò pé ilẹ̀ Faransé ni àwọn dé. Lójú ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀ràn, ọkọ̀ tí ó ṣìnà lásán ni; lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ọ̀tá ni.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ọwọ́ ọ̀tá tí ń gba inú afẹ́fẹ́ wá kì í ṣe àlọ́. Èkejì ni pé kì í ṣe ìfura ni ó sọ Jones di ẹni tí a gbàgbọ́, ẹ̀rí ni.

NÍGBÀ TÍ INÁ BÁ TI INÚ ILÉ SỌ

Bí ọwọ́ ọ̀tá ti jẹ́ òtítọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ òtítọ́ pé ẹ̀rọ ogun a máa ṣe olówó rẹ̀ léṣe láìsí ọ̀tá nítòsí. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1967, USS Forrestal, ọkọ̀ ogun ńlá tí ń gbé ọkọ̀ òfuurufú, wà lójú òkun nítòsí Vietnam níbi tí Amẹ́ríkà ti ń jagun. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú tò sórí rẹ̀, wọ́n rọ epo yó, wọ́n sì gbé bọ́ǹbù. Lójijì, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan yìn fúnra rẹ̀ láti abẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sáré kọjá lórí ọkọ̀, ó sì lu táńkì epo ọkọ̀ òfuurufú mìíràn. Iná sọ, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí iná náà tó kú, ènìyàn 134 ti lọ, 161 sì fara pa.

Ìgbà ogun ni, ojú ogun ni. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀tá ni ó ṣe é, ta ni yóò jà á níyàn? Ṣùgbọ́n ìwádìí fi hàn pé iná mànàmáná ni ó ru sókè ní àkókò tí wọ́n ń yí ọkọ̀ òfuurufú náà kúrò lórí iná ìta sí iná tirẹ̀. Àwọn ìdènà tí ó yẹ kí ó dá iná náà dúró kí ó má dé ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì kò sí ní ipò wọn, nítorí pé wọ́n ti gé ìlànà ìṣọ́ra kúrú kí iṣẹ́ lè yá. Ìkánjú ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ikú.

Ní ọdún 1982, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà ń jà nítorí erékùṣù Falkland, irú ẹ̀kọ́ kan náà tún wáyé ní ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, ohun ìjà Exocet tí ọkọ̀ òfuurufú Ajẹntínà jù wá ba HMS Sheffield, ènìyàn 20 sì kú. Ọ̀tá ni ó ju ohun ìjà náà, kò sí iyè méjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó fà á tí ọkọ̀ náà kò fi gbọ́ pé ọ̀tá ń bọ̀? Ní àkókò náà gan-an, ọkọ̀ náà ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ sí ilé, ìgbì tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ ìránṣẹ́ yìí sì di etí ẹ̀rọ tí ì bá kìlọ̀ fún un pé rédà ọ̀tá ti ń wò ó. Ohùn ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó gbọ́ ẹsẹ̀ apànìyàn. Àwọn àṣìṣe mìíràn tún wà tí àwọn olùwádìí tọ́ka sí nínú bí wọ́n ti ń ṣọ́nà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n èyí nìkan tó láti fi hàn pé ẹ̀rọ kan lè pa ẹ̀rọ kejì lẹ́nu mọ́ nínú ilé kan náà.

Ní àwọn ọdún 1980 yìí kan náà ni àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde pé àwọn hẹlikọ́pítà Black Hawk kan tí ó já bọ́ lè jẹ́ pé ìgbì láti ilé rédíò alágbára ni ó da ìdarí wọn rú. Àwọn ọ̀gá ológun kò gbà pé ohun tí ó fa jàǹbá náà nìyí, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún àwọn atukọ̀ kí wọ́n yẹra fún ibi tí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ti le, wọ́n sì fi kún ohun tí ń dáàbò bo ẹ̀rọ inú hẹlikọ́pítà náà. Àríyànjiyàn yẹn fi ohun kan hàn: láàárín ọwọ́ ọ̀tá àti àṣìṣe ènìyàn, ohun kẹta tún wà, èyíinì ni ẹ̀rọ tí kò bá ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́.

ỌDÚN 2017

Ọdún burúkú ni ọdún 2017 jẹ́ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tí wọ́n wà ní ìhà ìlà-oòrùn Éṣíà. Ní oṣù kìíní, ọkọ̀ ogun USS Antietam fi ìdí gúnlẹ̀ nínú omi Tokyo ní Japan. Ní oṣù karùn-ún, USS Lake Champlain àti ọkọ̀ apẹja kan láti Korea Gúúsù forí gbárí. Kò sí ẹni tí ó kú nínú méjèèjì, àwọn ènìyàn púpọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kà wọ́n sí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, kété lẹ́yìn aago kan òru, USS Fitzgerald ń lọ lójú òkun Japan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan, ACX Crystal, wá lu ú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Omi ya wọ yàrá tí àwọn atukọ̀ sùn sí nísàlẹ̀, ọmọ ogun 7 sì bá a lọ. Nígbà tí oṣù méjì ti kọjá díẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, kí ilẹ̀ tó mọ́, USS John S. McCain ń wọ ojú omi tóóró Singapore. Òun náà àti ọkọ̀ agbépo kan tí ń jẹ́ Alnic MC forí gbárí. Ọmọ ogun 10 ni ó kú. Èbúté Yokosuka ní Japan ni ibùdó ọkọ̀ méjèèjì.

Ẹnu ya gbogbo ayé. Ọkọ̀ ogun tí ó ní rédà tí ń rí ohun tí ó wà lọ́nà jíjìn réré, báwo ni kò ṣe rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó tóbi bí òkè? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, à bá pè é ní àgbákò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín oṣù mẹ́jọ ńkọ́? Ní ọjọ́ tí jàǹbá McCain ṣẹlẹ̀ gan-an, Ọ̀gágun John Richardson, olórí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà, sọ pé kò tíì sí àmì pé ọ̀tá wọ inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà tàbí pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́, ṣùgbọ́n pé ìwádìí yóò wo gbogbo ọ̀nà. Dípò kí ọ̀rọ̀ náà pa iná, ṣe ni ó bu epo sí i.

IGBE ÀJẸ́

Ìwà òpìtàn kọ́ ni kí ó fi àwọn tí wọ́n fura ṣẹ̀sín. Àjẹ́ ti ké lóòótọ́, igbe rẹ̀ kò sì mọ ní ẹyọ kan.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Ọ̀jọ̀gbọ́n Todd Humphreys àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Texas ní ìlú Austin ti wọ ọkọ̀ afẹ́ kan ní òkun Mẹditaréníà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tí ó ni í, wọ́n sì fi ìgbì rédíò èké tan GPS rẹ̀ jẹ. GPS ni ẹ̀rọ tí ń gba ìró láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, tí ó fi ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà fún atukọ̀. Ọkọ̀ náà yà kúrò lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń sọ pé ọ̀nà tààrà ni òun ń tọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2017, ọ̀gá ọkọ̀ kan ní Òkun Dúdú, nítòsí èbúté Novorossiysk ní Rọ́ṣíà, kéde pé GPS òun ń sọ pé orí ilẹ̀, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Gelendzhik, ni òun wà. Nǹkan bí ọkọ̀ 20 ni ọ̀ràn náà kàn. Ohun tí wọ́n fi ọkọ̀ afẹ́ dán wò ní ọdún 2013 ti wá di ohun tí ojú ń rí.

Èyí tí ó tilẹ̀ le jù ni ti ilẹ̀ Ìráànì. Ní ibùdó Natanz, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ayíbíríbírí ṣiṣẹ́ lórí yuréníọ̀mù, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní ọ̀nà tí kò yé àwọn òṣìṣẹ́. Lójú wọn, ẹ̀rọ kan kàn ń bàjẹ́ tẹ̀lé òmíràn ni. Ní ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà rí àṣẹ ìkọ̀kọ̀ kan tí wọ́n sọ ní Stuxnet. Ó ń wọ inú kọ̀ǹpútà tí ó ń darí ẹ̀rọ náà, a sì máa mú kí wọ́n yí ní ìyàrá tí kò yẹ kí wọ́n fi yí. Nígbà kan náà, a máa fi àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá han àwọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n lè rò pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ààrẹ Ahmadinejad fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀tá ti fi kọ̀ǹpútà ba díẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà jẹ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn ì bá pè ní jàǹbá, ìkà ni.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ ní ọdún 2017 pé ọ̀tá lè ba ọkọ̀ ogun jẹ́ láti òkèèrè kò sọ ìsọkúsọ. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: ṣé ọ̀tá ṣe é?

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ RÍ

Àwọn ológun ojú omi rán àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lọ sí Singapore láti tú ẹ̀rọ inú McCain wò, irú èyí tí wọn kò ṣe rí lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀. Wọn kò rí ipasẹ̀ ọ̀tá. Ìròyìn tí àwọn ológun náà gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2017 wí pé jàǹbá méjèèjì ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

Nínú Fitzgerald, ọ̀gá ọkọ̀ ń sùn nínú yàrá rẹ̀. Òfin ọkọ̀ náà ni pé bí ọkọ̀ mìíràn bá ń sún mọ́ ọ̀dọ̀ wọn ju bí ó ti yẹ lọ, kí ẹni tí ó ń ṣọ́ iṣẹ́ jí i. Kò sí ẹni tí ó jí i. Wọn kò tún rédà ṣe bí ó ti yẹ kí ó lè fi gbogbo ọkọ̀ tí ó wà nítòsí hàn. Àwọn tí ó wà nínú yàrá rédà àti àwọn tí ó wà lókè kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ó ti tọ́. Òfin ojú omi wí pé ọkọ̀ tí ó bá rí ẹlòmíràn ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kí ó yẹra. Ọwọ́ ọ̀tún Fitzgerald ni Crystal ti ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi mọ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ti McCain ni ó ya ènìyàn lẹ́nu jù, nítorí pé òun ni ó jọ iṣẹ́ ọ̀tá jù lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ rí i pé ó ń ṣòro fún ẹni tí ó wà nídìí ìdarí láti máa darí ọkọ̀ kí ó sì tún máa bójú tó eré rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n pín iṣẹ́ náà fún ènìyàn méjì. Ojú gíláàsì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo èyí. Nígbà tí wọ́n ń gbé ìtọ́jú eré lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì, wọ́n ṣèèṣì gbé ìdarí ọkọ̀ pàápàá lọ, láìmọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ gbìyànjú títí, ọkọ̀ kò dá a lóhùn. Ó kígbe pé ìdarí ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Wọ́n pàṣẹ pé kí eré dín kù. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ méjì ni ó ń ti ọkọ̀ náà láti ẹ̀yìn, ti òsì nìkan ni ó sì gbọ́ àṣẹ. Ti ọ̀tún ń sáré lọ. Nípa bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yà sí òsì, ó sì bọ́ sí iwájú ọkọ̀ agbépo. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ títí di ìgbà tí wọ́n forí gbárí kò ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ìdarí ọkọ̀ ogun bọ́ lójijì, ní ojú omi tí ọkọ̀ kún bámúbámú, kí ni yóò rò bí kò ṣe pé ẹnì kan ti gbà á láti òkèèrè? Bẹ́ẹ̀, ìdarí kò bọ́ rárá. Ó wà nínú yàrá kan náà, lábẹ́ ọwọ́ ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dúró tì í. Díẹ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ ẹni tí wọ́n yá láti inú USS Antietam, níbi tí ẹ̀rọ ìdarí ti yàtọ̀ sí ti McCain. Wọn kò sì rí ẹ̀kọ́ tí ó péye gbà lórí èyí tí wọ́n bá.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ tí ń bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò jẹ́rìí pé, nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún náà, ìdá 37 nínú 100 ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ṣẹ́ ogun tí ó yẹ kí àwọn atukọ̀ irú ọkọ̀ wọ̀nyí ní Japan ní ni ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ó tún rán wọn létí pé ìwádìí kan ní ọdún 2014 ti fi hàn pé àwọn atukọ̀ ń ṣiṣẹ́ wákàtí 108 lọ́sẹ̀, nígbà tí ìlànà wí pé 80. Oorun, àárẹ̀ àti àìmọ̀ ti wọ ọkọ̀ kí ó tó kúrò ní èbúté.

GBÍGBÉ Ọ̀RỌ̀ KA ORÍ ÌWỌ̀N

Ó ku kí á dá ìbéèrè tí òpìtàn gbọ́dọ̀ bi òwe wa lóhùn. Èkíní: ìgbà wo ni àjẹ́ ké? Àwọn tí ó so jàǹbá wọ̀nyí mọ́ ìró èké Òkun Dúdú gbàgbé láti wo ọjọ́. Ìkéde náà jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà. Antietam ti gúnlẹ̀ ní oṣù kìíní. Lake Champlain ti forí gbárí ní oṣù karùn-ún. Fitzgerald ti pàdánù ọmọ ogun 7 ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Nínú jàǹbá mẹ́rin, mẹ́ta ti ṣẹlẹ̀ kí igbe tó dé etí ayé. Lóòótọ́, àjẹ́ lè ti ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi igbe náà ṣe ẹ̀rí kò lè lò ó mọ́.

Èkejì: ǹjẹ́ ohun tí ó pa ọmọ jọ iṣẹ́ àjẹ́ náà? Ìró èké a máa mú kí ọkọ̀ ṣi ibi tí òun wà mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé Fitzgerald àti McCain sọnù. Fitzgerald kò ka ọkọ̀ mìíràn tí ń bọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ojú lásán àti rédà ni a fi ń rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe GPS. McCain yà nítorí pé abẹ̀bẹ̀ kan dín eré kù tí èkejì kò dín.

Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ipasẹ̀ wà? Ní Natanz, àṣẹ ìkọ̀kọ̀ náà wà tí àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè púpọ̀ kà. Ní Òkun Dúdú, ọkọ̀ púpọ̀ rí ohun kan náà ní àkókò kan náà. Nínú McCain, wọ́n wá a, wọn kò rí i.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn ológun ni ó ń wádìí ara wọn, pé ẹni tí ó jẹ́ olùjẹ́jọ́ kì í ṣe onídàájọ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn ológun nìkan kọ́ ni ó wádìí. Ìjọba Singapore ṣe ìwádìí tirẹ̀, ó sì gbé e jáde ní oṣù kẹta ọdún 2018. Ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń wádìí jàǹbá ìrìnnà, tí kì í ṣe ti ológun, gbé tirẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ẹnu àwọn méjèèjì kò lórí ìdàrúdàpọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ nídìí ìdarí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ta ni ó máa ń jẹ́wọ́ àìmọ̀ṣẹ́ nígbà tí ó bá rí ọ̀tá di ẹ̀bi rù? Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀tá ni, yóò rọrùn fún àwọn ọ̀gágun láti wí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ìtìjú nínú kí ọ̀tá alágbára ṣe ni léṣe. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n yọ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ méjèèjì nípò, wọ́n sì yọ ọ̀gá àgbà tí ó ń darí gbogbo ọkọ̀ ogun wọn ní agbègbè náà.

ÌGÚNLẸ̀

Ẹ̀mí 17 ni ó wà lórí ọ̀ràn yìí, nítorí náà kì í ṣe eré ọ̀rọ̀. Bí àwọn olùwádìí bá ti fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀tá ni, ohun tí wọn yóò ṣe ni kí wọ́n kó owó lé orí odi tí yóò dí ọ̀tá lọ́nà. Ọmọ ogun tí kò sùn yóò tún gun orí ọkọ̀. Ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ yóò tún dúró nídìí rẹ̀. Ikú yóò sì tún wọlé gba ọ̀nà tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀. Nítorí pé wọ́n wá ìdí rẹ̀ kan ibi tí ó wà, wọ́n rí ohun tún ṣe: ní ọdún 2019, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò yọ gíláàsì àfìkatẹ̀ kúrò nídìí ìtọ́jú eré nínú irú ọkọ̀ wọ̀nyí, kí wọ́n dá ọ̀pá tí a ń fi ọwọ́ tì padà síbẹ̀. Àwọn atukọ̀ tí wọ́n bi léèrè ni wọ́n sọ pé èyí ni àwọn fẹ́.

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni torí èyí sọ pé kò sí ọ̀tá mọ́. Knickebein wà, Stuxnet wà, ìró èké ojú òkun sì wà. Ọjọ́ lè dé tí ọwọ́ ọ̀tá yóò ri ọkọ̀ ogun kan, tí àwọn tí ó ni í yóò máa bú atukọ̀ wọn fún ohun tí kò ṣe. Ìlànà tí ó gba ọ̀tá sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn ní Singapore ni ìlànà kan náà tí yóò mú un lọ́jọ́ náà: wo ọjọ́, wo bí ohun náà ti ṣẹlẹ̀, wá ipasẹ̀.

Olùkọ́ ìtàn tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní òwe àjẹ́ àná kò gbọdọ̀ dá a fi sílẹ̀ láìfi ìkejì tì í. Àwọn àgbà kan náà tí wọ́n pa òwe yẹn ni wọ́n tún wí pé bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Òwe àkọ́kọ́ ń kọ́ni láti fura. Èkejì ń kọ́ni ní ibi tí ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó pa ọmọ, kí ó kọ́kọ́ béèrè bí ọmọ náà ti sùn, ohun tí ó jẹ, àti ẹni tí ó yẹ kí ó ṣọ́ ọ. Bí ó bá yẹ ilé wò tán tí kò rí nǹkan, ìgbà náà ni kí ó gbé àtùpà lọ sí ìdí igi tí ẹyẹ ti ké.